Bí A Ṣe Ń Dín Igbe Asán Áláàmù Kù: Ẹ Tún Ojú Sẹ́ńsọ̀ Ṣe Kí Ó Tó Máa Tún Ara Rẹ̀ Ṣe

Ohun tí ọ̀pọ̀ onílé àti oníṣọ́ọ̀bù ń ṣe ní Ìkòròdú tí kì í yọrí sí rere ni pé, lọ́jọ́ tí oníṣẹ́ bá parí áláàmù, wọ́n á ní kí ó tan àtúntò aládàáṣe kí ó tó kúrò níbẹ̀, ìyẹn ètò tí sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ bóyá ẹnikẹ́ni wọlé, fi ń pinnu fúnra rẹ̀ bí yóò ṣe máa fura tó. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, ọ̀kan nínú ohun méjì á ti ṣẹlẹ̀: yálà áláàmù náà ṣì ń han lóru tí inú ń bí àwọn ará àdúgbò, tàbí ó ti dákẹ́ pátápátá, tí olówó rẹ̀ rò pé ó ti gbọ́n, nígbà tó jẹ́ pé etí rẹ̀ ló di. Èyí kejì ló burú jù, nítorí pé kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ títí olè yóò fi wọlé.

Ìtọ́sọ́nà yìí dúró lórí ohun kan ṣoṣo: sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n kàn mọ́ ibi tí kò yẹ yóò fi ibi tí kò yẹ náà kọ́ ẹ̀kọ́. Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wa ṣe èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, lẹ́yìn náà ni a ó jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe èyí tó kù, a ó sì pààlà fún un.

Ohun tí ẹ nílò

- Ìwé kékeré kan tí kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí áláàmù, pẹ̀lú kálàmù.
- Mítà tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń wọn fólítì.
- Àkàbà tí kò mì, súkúdíráfà, téèpù ìwọ̀n àti aṣọ rírọ̀ tó mọ́.
- Sílíkọ́ọ̀nù tí àwọn oníwíńdò fi ń dí etí dígí.
- Ìwé ìlò tó bá áláàmù wá, àti nọ́ńbà àṣírí tí oníṣẹ́ fi ń wọ inú ètò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í fi nọ́ńbà yìí sílẹ̀. Tèmi ni pé kí ẹ má san owó tó kù títí yóò fi wà lọ́wọ́ yín.
- Ẹnì kan tí yóò máa bá yín rìn níwájú sẹ́ńsọ̀ nígbà àyẹ̀wò.

Ìpele 1: Ẹ kọ igbe asán sílẹ̀ fún ọjọ́ méje

Ẹ má fọwọ́ kan ètò kankan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìgbàkígbà tí áláàmù bá ké láìsí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ aago tó ké, sẹ́ńsọ̀ tó ké, bóyá òjò ń rọ̀ tàbí oòrùn mú, bóyá iná wà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un lọ, tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àti ohun tí ẹ bá níbẹ̀ nígbà tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí àpótí yín bá ń pa ìtàn mọ́ fúnra rẹ̀, ẹ ṣì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé àpótí kò mọ̀ pé òjò ń rọ̀.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Wọ́n á kọ “áláàmù ké lóru” wọn kò ní kọ sẹ́ńsọ̀ tó ké. Àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún ohunkóhun.

*Àyẹ̀wò:* Ní ọjọ́ keje, ó yẹ kí ẹ lè nàka sí sẹ́ńsọ̀ kan tàbí méjì tó ń ké ju àwọn yòókù lọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí gbogbo wọn jẹ̀bi lọ́gbọọgba. Bí gbogbo wọn bá ń ké ní ìṣẹ́jú kan náà, iná ni ẹ ó fura sí, kì í ṣe sẹ́ńsọ̀, ẹ sì tẹ̀ síwájú sí ìpele kejì pẹ̀lú ìyẹn lọ́kàn.

Ìpele 2: Ẹ wọn iná tó ń dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀

Àpótí áláàmù tó wọ́pọ̀ ń lo bátìrì 12 fólítì tó jẹ́ 7Ah (ìyẹn bí iná tó lè gbà pamọ́ ṣe pọ̀ tó), ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ oníwáyà sì ń ṣiṣẹ́ láàárín 9 sí 16 fólítì. Nígbà tí iná wà, tí àpótí ń gbaná sínú bátìrì, ó yẹ kí mítà fi nǹkan bí 13.5 sí 13.8 hàn lẹ́nu bátìrì. Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ ni èyí tí ẹ ó rí lẹ́nu sẹ́ńsọ̀ tó jìnnà jù lọ nígbà tí kò sí iná, tí fèrè sì ń ké lọ́wọ́, torí pé ìgbà yẹn ni ẹrù wúwo jù lọ lórí bátìrì. Bí ẹ bá rí ohun tó dín sí 11 fólítì níbẹ̀, wáyà náà tín-ín-rín jù fún ọ̀nà tó rìn, ojú ìsopọ̀ kan ti dípẹtà, tàbí bátìrì ti darúgbó.

Lápá ibi tó súnmọ́ ọ̀sà, láti Ẹbúté dé Ìgbógbó títí lọ sí Báyékù, ojú ìsopọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí wò, nítorí pé ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ kì í pẹ́ fi ìpẹtà aláwọ̀ ewé sára bàbà tí wọ́n kàn lọ́ pọ̀ tí wọ́n fi téèpù dúdú wé. Ẹ gé e, ẹ tún un so sínú ìdè oníṣúkúrú tàbí kí ẹ fi òjé jó o pọ̀, kí ẹ sì bò ó dáadáa.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Wọ́n ń wọn fólítì nígbà tí iná wà nìkan. Ọ̀pọ̀ igbe asán tó ń wáyé ní ìṣẹ́jú tí wọ́n mú iná lọ, tàbí nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á, kò ní fara hàn rárá lọ́nà bẹ́ẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ pa iná ilé, ẹ tàn án, ẹ tún pa á, ìgbà márùn-ún, pẹ̀lú áláàmù ní títàn. Bí sẹ́ńsọ̀ kankan kò bá ké, iná ti kúrò nínú ẹjọ́.

Ìpele 3: Ẹ tún ibi tí sẹ́ńsọ̀ ń wò ṣe

Ibí ni iṣẹ́ wà jù, ẹ má kánjú níbẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ inú ilé tó wọ́pọ̀ jù lọ kì í tan ohunkóhun jáde. Ìtànṣán ooru nìkan ló ń wò. Ike funfun tó wà lójú rẹ̀ pín yàrá sí ọ̀já-ọ̀já, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wo òpópónà láàárín àlàfo ọ̀pá ọgbà, ohun tó bá sì gbé ooru tó yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọ̀já kan bọ́ sí òmíràn ni sẹ́ńsọ̀ ń kà sí ènìyàn. Ìdí nìyí tó fi ń tètè rí ẹni tó dábùú ọ̀nà kọjá níwájú rẹ̀ ju ẹni tó ń bọ̀ wá bá a tààrà. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí kọ́tìnì tí oòrùn ti yá, tí afẹ́fẹ́ wá ń gbé sọ́tùn-ún sósì, fi lè jọ ènìyàn lójú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wọn bó ṣe ga tó. Ìwé ìlò ọ̀pọ̀ wọn ní kí ó wà láàárín mítà 2.1 sí 2.4 láti ilẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé sókè jù kì í rí ìsàlẹ̀ ara rẹ̀, èyí tó sì wà nísàlẹ̀ jù yóò máa rí ológbò àti èkúté. Ẹ kàn án mọ́ igun yàrá níbi tí olè yóò ti ní láti dábùú rẹ̀ kọjá kó tó dé ibi ẹrù.

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró sí abẹ́ rẹ̀, ẹ kọjú síbi tó kọjú sí, kí ẹ sì ka ohun tí ẹ rí: fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, ẹnu AC, ẹ̀yìn fìríìjì, íńfátà tó ń gbóná, fáànù, bébà ìpolówó tí wọ́n fi òwú so kọ́. Lóòótọ́, ooru ara ẹni tó wà lẹ́yìn dígí kì í kọjá dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀, ṣùgbọ́n oòrùn tó wọlé yóò yá ilẹ̀ àti kọ́tìnì, ìyẹn sì tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Ohun tí ẹ bá lè gbé kúrò, ẹ gbé e. Èyí tí kò bá ṣeé gbé, ẹ yí sẹ́ńsọ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn sẹ́ńsọ̀ kan máa ń bá àwọn ègé ìbòjú kéékèèké wá nínú páálí, tí a fi ń bo apá tí a kò fẹ́ kó máa wò lára ike náà. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń gbé wọn sọnù pẹ̀lú páálí.

Ẹ ṣí sẹ́ńsọ̀ wò ní ẹ̀yìn. Ihò tí wáyà gbà wọlé gbọ́dọ̀ dí pẹ̀lú sílíkọ́ọ̀nù, nítorí pé ibẹ̀ ni èèrà, aláǹtakùn àti afẹ́fẹ́ gbígbóná láti inú àjà ń gbà wọ inú rẹ̀. Aláǹtakùn kékeré tó ń rìn lórí ike ojú sẹ́ńsọ̀ tóbi ju màlúù lọ lójú ẹ̀rọ náà, nítorí pé ó súnmọ́ ọn. Ọmọńlé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò lápá Sábó, oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń yí ètò padà lórí áláàmù tó ń ké láago mẹ́jọ alẹ́. Àṣé gílóòbù tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ ní títàn ni àfòpiná ń wá bá, ọmọńlé sì ń wá àfòpiná, ẹ̀gbẹ́ sẹ́ńsọ̀ gan-an ló sì máa ń lúgọ sí. A gbé gílóòbù náà lọ sí igun kejì. Ẹnikẹ́ni kò tún fọwọ́ kan ètò mọ́.

Ẹ fi aṣọ rírọ̀ gbígbẹ nu ojú ike náà, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku ń bà lé ohun gbogbo.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Wọ́n ń fọ́n oògùn kòkòrò sí ojú sẹ́ńsọ̀ tààrà. Oògùn náà á gbẹ mọ́ ike, yóò dí ojú rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ kò sì ní ríran dáadáa mọ́. Ẹ fọ́n ọn sára ògiri tó yí i ká, kí ẹ sì fi ọwọ́ bo ike náà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi òru mẹ́ta sílẹ̀ láìtan àtúntò aládàáṣe, pẹ̀lú ìwọ̀n ìfura tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí sẹ́ńsọ̀ tí ẹ tún ṣe bá ṣì ń ké ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín òru mẹ́ta yìí, ohun kan ṣì kù níwájú rẹ̀ tí ẹ kò tíì rí. Ẹ padà lọ dúró sí abẹ́ rẹ̀ ní aago tó ké gan-an.

Ìpele 4: Kámẹ́rà

Kámẹ́rà kò wo ooru. Àwòrán ló ń fi wé àwòrán. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń jù, iná ọkọ̀ tó gba ara ògiri kọjá, ẹ̀kán òjò tí iná òru kámẹ́rà tàn sí, gbogbo wọn ló ń yí àwòrán padà. Ẹ wọ inú ètò rẹ̀, kí ẹ yà á sí ibi tó yẹ kó máa ṣọ́ nìkan: ẹnu géètì, ẹsẹ̀ ògiri, ẹnu ọ̀nà. Ẹ yọ ojú ọ̀run, igi àti òpópónà kúrò. Bí ó bá ní ètò tó ń dá ènìyàn mọ̀ yàtọ̀ sí ewé àti ẹranko, ẹ tàn án, kí ẹ sì pa èyí tó ń ké fún gbogbo ohun tó bá mì.

Iná òru tó wà lára kámẹ́rà ń pe kòkòrò, kòkòrò sì ń pe aláǹtakùn tó ń ta okùn síwájú rẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá tó o, ẹ ra iná òru ọ̀tọ̀, kí ẹ fi sí ibi tó jìnnà díẹ̀, kí ẹ sì pa ti ara kámẹ́rà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ wo gbogbo ìkìlọ̀ òru kan tí òjò rọ̀. Bí àwòrán òjò tàbí kòkòrò bá ṣì pọ̀ níbẹ̀, apá tí ẹ yà fún un ṣì gbòòrò jù.

Ìpele 5: Ẹ wá tan àtúntò aládàáṣe, kí ẹ sì pààlà fún un

Oríṣi méjì ni ẹ ó bá pàdé. Èkíní ń tẹ̀ lé ooru yàrá. Awọ ara ènìyàn níbi tí aṣọ kò bò máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 33 sí 34 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù tí kò ní sílìn, láago méjì ọ̀sán, ògiri náà lè gbóná tó bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, ènìyàn kò yàtọ̀ sí ògiri lójú sẹ́ńsọ̀ mọ́. Sẹ́ńsọ̀ tó ní àtúntò yìí yóò wá mú ìfura rẹ̀ pọ̀ sí i kó má bàa pàdánù olè. Ẹ jẹ́ kó wà ní títàn. Bí igbe asán yín bá ń wáyé lọ́sàn-án gangan, ẹ má pa á. Ẹ padà sí ìpele kẹta lọ wá ohun tó ń mì nínú ooru náà.

Oríṣi kejì ń kọ́ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ó ń ka ìdààmú tó ń rí lójoojúmọ́, ó ń ṣe ìṣirò bó ṣe pọ̀ tó àti bó ṣe ń lọ sókè sódò tó, ó sì ń gbé ààlà igbe rẹ̀, ìyẹn ibi tí ìdààmú gbọ́dọ̀ kọjá kó tó ké, sókè ju ìyẹn lọ. Bí ààlà yìí bá ṣe ń ga sí i ni ìfura rẹ̀ ń dín kù. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká ní ìdààmú òru lásán jẹ́ 20, tó ń fi 5 lọ sókè sódò, tí ètò náà sì ń fi ìlọ́po 4 ti ìyàtọ̀ yìí kún un: ààlà rẹ̀ jẹ́ 40. Nígbà tí òjò bá ń lu páànù, ìdààmú lè di 35 pẹ̀lú ìyàtọ̀ 8, ààlà á sì di 67. Bí ènìyàn tó kọjá bá ń fún sẹ́ńsọ̀ náà ní 90, a ṣì máa mú un lọ́jọ́ òjò. Ẹ wá wò ó bí ẹ bá fi fáànù sílẹ̀ ní yíyí síwájú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́: ìdààmú di 60, ìyàtọ̀ di 10, ààlà sì di 100. Olè tó jẹ́ 90 yóò kọjá tọwọ́ tẹsẹ̀, áláàmù kò ní sọ nǹkan kan. Báyìí ni etí rẹ̀ ṣe ń di, láìsí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀.

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Ti sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ ní òkè àti ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí:

a. Ẹ jẹ́ kó kẹ́kọ̀ọ́ fún òru méje sí mẹ́rìnlá, kí ó sì jẹ́ ní wákàtí tí áláàmù máa ń wà ní títàn nìkan. Bí ó bá ń kọ́ ọ lọ́sàn-án tí àwọn ọmọ ń sáré kiri yàrá, yóò gbà pé ènìyàn jẹ́ ara ohun tó ń wà níbẹ̀.

b. Ẹ má ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ní òde, tí kọ́lékọ́lé ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà, tàbí tí ẹ ní àlejò.

d. Ẹ wá ibi tí ètò ti ń béèrè ìwọ̀n ìfura tó kéré jù lọ, kí ẹ má jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ ibi tí ó ti ń rí ẹni tó rọra ń rìn. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, èmi kò ní jẹ́ kí ààlà igbe kọjá 75. Bí ìdààmú bá fẹ́ ti ààlà kọjá ibẹ̀, kí ẹ̀rọ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù yín pé nǹkan kan ń dà á láàmú, dípò kó dákẹ́.

e. Bí ètò bá jẹ́ kí ẹ yan bó ṣe ń yára yí padà, ẹ yan èyí tó lọ́ra jù lọ. Olè tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè máa mú kí áláàmù ké lóròòru fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó wá gan-an, kí onílé àti ẹ̀rọ lè jọ sú.

Bí áláàmù yín kò bá ní ètò yìí rárá, ẹ lè ṣe èyí tó súnmọ́ ọn: ẹ wá bọ́tìnì kékeré inú sẹ́ńsọ̀ tó ń pinnu iye ìgbà tó gbọ́dọ̀ rí nǹkan kó tó ké, kí ẹ fi sí 2 dípò 1. Ẹ má gbé e kọjá bẹ́ẹ̀ nínú yàrá kékeré, torí pé olè lè má rìn tó ọ̀já mẹ́ta níbẹ̀.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Àwọn áàpù kan máa ń béèrè lórí fóònù bóyá igbe náà jẹ́ asán. Àwọn ènìyàn á wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á fi ojú oorun tẹ̀ ẹ́ pé asán ni. Títẹ̀ yẹn ni ẹ̀rọ fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ kò bá tíì wo àwòrán tàbí dé ibẹ̀, ẹ má dáhùn.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ kọ ìwọ̀n ìfura tí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sínú ìwé, kí ẹ tún kọ èyí tó wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí ó bá ti sùn sí ìsàlẹ̀ ààlà tí ẹ fún un, kì í ṣe pé iṣẹ́ ti parí. Ohun kan ló ń dà á láàmú ní gbogbo òru, ẹ sì gbọ́dọ̀ wá a.

Ìpele 6: Ẹ so sẹ́ńsọ̀ méjì pọ̀ níbi tó bá ṣeé ṣe

Nínú ilé tó tóbi, ẹ lè ṣètò pé kí fèrè má ké àfi bí sẹ́ńsọ̀ méjì bá rí nǹkan láàárín 30 sí 60 ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹyọ kan sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù nìkan. Èyí dára gan-an fún àwọn ilé ìkẹ́rùsí lápá Odógunyán, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba ọ̀nà Ṣágámù kọjá ti ń mi ògiri, tí ó sì ń jí sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ ìgbọ̀nrìrì.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Wọ́n ń so bọ́tìnì ìpè fún ìrànlọ́wọ́ tàbí sẹ́ńsọ̀ èéfín mọ́ ètò yìí. Èyí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ké lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò gbọdọ̀ lò ó nínú ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ kan péré ló wà láàárín ilẹ̀kùn àti ẹrù.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gba ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí olè lè gbà wọlé, títí kan fèrèsé balùwẹ̀, kí ẹ sì rí i pé sẹ́ńsọ̀ méjì rí yín kí ẹ tó dé ibi ẹrù. Ọ̀nà tí èyí kò bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ètò náà.

Ìpele 7: Ẹ fi ẹsẹ̀ yín dán an wò

Ẹ kọ́kọ́ sọ fún àwọn ará ilé tó tì yín àti ọlọ́dẹ àdúgbò. Kí ẹni tí ẹ mú wá rìn bó ṣe máa ń rìn, kó rọra yọ́ rìn, kó rákò, kó sì tún wọ aṣọ òjò kọjá, nítorí pé aṣọ òjò máa ń bo ooru ara. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì: láago méjì ọ̀sán tí oòrùn mú jù, àti lóru lẹ́yìn òjò.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Wọ́n ń gbára lé iná pupa kékeré tó ń tàn nígbà tí sẹ́ńsọ̀ wà ní ipò àyẹ̀wò. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ipò àyẹ̀wò kì í lo àtúntò aládàáṣe tàbí sísopọ̀ sẹ́ńsọ̀ méjì, nítorí náà yóò rí yín níbi tí kò ti ní rí olè. Ẹ tan áláàmù gan-an, kí ẹ jẹ́ kí fèrè ké.

*Àyẹ̀wò:* Ó gbọ́dọ̀ mú gbogbo ìrìn tí a kà sókè yìí, àfi bóyá aṣọ òjò láago méjì ọ̀sán. Bí ó bá pàdánù ẹni tó rọra ń yọ́ rìn, ẹ gbé ìwọ̀n ìfura tó kéré jù lọ, tí ẹ yàn ní ìpele karùn-ún, sókè díẹ̀, kí ẹ sì tún rìn.

Ẹ tún ìpele yìí ṣe kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹta, àti nígbà tí ọyẹ́ bá dé lóṣù Kejìlá, nítorí pé ibi tí sẹ́ńsọ̀ ń wò kì í rí bákan náà ní ìgbà méjèèjì. Láàárín wọn, bí ọjọ́ mẹ́rìnlá bá kọjá tí ìwé ẹ̀gbẹ́ àpótí wà lófìfo, tí ohunkóhun kò ké, yálà asán tàbí òótọ́, ẹ tan áláàmù lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ sì gba iwájú rẹ̀ kọjá fúnra yín.